Ohùn tí Òfin Kò Rí Mú: Mae West Lórí Ìtàgé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kọ̀wé nípa Mae West ló jẹ́ pé ara rẹ̀ ni wọ́n wò: irun rẹ̀ tó ń tàn bíi góòlù, ìbàdí rẹ̀, àti aṣọ tó fún mọ́ ọn lára. Sinimá ni wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Òǹkọ̀wé eré-oníṣe ni obìnrin yìí kí ó tó di òṣèré Hollywood, ohun tó sì fi sílẹ̀ fún ìtàgé kì í ṣe ara bí kò ṣe ohùn. Ilé-ẹjọ́ àti ilé-iṣẹ́ rédíò, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń gbìyànjú láti yìn ín, ni ẹ̀rí mi ti wá.

Brooklyn ni wọ́n ti bí i ní 1893. Ní oṣù Kẹrin 1926, eré rẹ̀ tó sọ ní Sex bẹ̀rẹ̀ ní New York. Jane Mast ni orúkọ tó fi kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe aṣẹ́wó tí ìtàn náà dá lé lórí. Àwọn alárìíwísí inú ìwé ìròyìn bu ẹnu àtẹ́ lù ú, síbẹ̀ èrò kò yé wọ́ lọ síbẹ̀. Eré náà ti lé ní oṣù 9 lórí ìtàgé kí àwọn ọlọ́pàá tó ya bò wọ́n ní oṣù Kejì 1927. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10 àti owó ìtanràn 500 dọ́là ni ilé-ẹjọ́ dá fún un. Ọjọ́ 8 ló lò níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kíyè sí ni bí wọ́n ṣe ro ẹjọ́ náà. Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1959, Mae West sọ pé ìrìn òun, ìrísí òun àti ìṣe òun ni agbẹjọ́rò ìjọba dì mọ́: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ inú eré náà di ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá. Ẹnikẹ́ni lè ní tẹnu rẹ̀ nìyẹn, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ti fi iyọ̀ sí i. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 10 lẹ́yìn náà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1937, ó ṣe Éfà nínú eré kékeré kan nípa Ádámù àti Éfà lórí rédíò NBC. Arch Oboler ló kọ eré náà, kì í ṣe òun. Ìwé eré náà ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, wọn kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu Mae West jáde ni ariwo ta. Àwọn olùgbọ́ kọ̀wé ẹ̀sùn, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rédíò bá NBC wí, NBC sì pàṣẹ pé kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ wọn. Kò sí ìbàdí lórí rédíò. Kò sí aṣọ, kò sí ìrìn. Bí ó ṣe ń fa sílébù gùn, tó ń dánu dúró níbi tí gírámà kò ti ní kí ó dúró, tó sì ń jẹ́ kí ohùn máa gba imú rọra wálẹ̀, òun ló bí pọ́n-na.

Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá mọ̀ pé ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá yí ohùn ọkọ̀ padà, ó lè di ọkọ́ tàbí ọkọ mọ́ wa lẹ́nu. Ìdè yìí kò sí lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmìnira yẹn sì ni Mae West lò dé góńgó. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé nìkan.

Lórí ìwé, kí a sọ òótọ́, àwọn eré náà kò le rárá. Lillian Schlissel kó mẹ́ta jọ sínú ìwé kan ní 1997: Sex, The Drag àti The Pleasure Man. Ìgboyà pọ̀ nínú wọn ju ọnà lọ. The Drag, tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, kò dé Broadway. Ọlọ́pàá sì ya bo The Pleasure Man ní alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Diamond Lil, ti 1928 kan náà, ló mókè láàárín wọn, nítorí pé ó ti mọ ohùn ara rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń fi àlàfo sílẹ̀ fún un láàárín ọ̀rọ̀. Ó gbé e lọ sí London ní 1948, ó sì dá a padà sí Broadway ní 1949, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ẹni tí mo rò pé ó mọ bí a ṣe ń jogún irú nǹkan báyìí ni Claudia Shear, tó kọ Dirty Blonde, tí wọ́n ṣe ní New York ní 2000. Jo àti Charlie, olólùfẹ́ Mae West méjèèjì, pàdé níbi ibojì rẹ̀. Òṣèré mẹ́ta péré ló ṣe gbogbo eré náà. Shear ṣe Jo, ó tún ṣe Mae. Ẹ̀rù kò ba eré yìí láti gbé aṣọ Mae West wọ Charlie, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn. Bí ó bá jẹ́ pé ara ni ogún náà, ẹ̀rín lásán ni ìyẹn ìbá dá sílẹ̀. Nítorí pé ohùn ni, àánú rẹ̀ ṣe wá.

Ṣùgbọ́n níbo ni ohùn náà ti wá? Nínú ìwé tí Jill Watts tẹ̀ jáde ní 2001, ó fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni Mae West ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n sísọ ohun kan kí a sì ní òmíràn lọ́kàn. Ó dárúkọ Bert Williams, ògbóǹtarìgì aláwàdà tó kú ní 1922. Henry Louis Gates sì ti so irú ọgbọ́n ẹnu yìí mọ́ Èṣù Ẹlẹ́gbára ní 1988. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa kan yóò fẹ́ yára fa okùn náà láti Brooklyn dé Ilé-Ifẹ̀. Kí wọ́n rọra. Àfiwé kọ́ ni ìran. Ohun tó dùn mí sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Nínú She Done Him Wrong, fíìmù 1933 tí wọ́n fi Diamond Lil ṣe, Louise Beavers, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ni ìránṣẹ́bìnrin. Ohùn tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìyá ilé fi ń pàṣẹ fún un. Ó wù mí kí n jókòó wo eré kan tí Mae West àti Bert Williams yóò ti dúró pọ̀ lórí ìtàgé, tí a ó sì máa gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.