Àmì Ohùn, Fáìlì àti Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Èrò wa nínú pépà yìí ni pé kíkó ọ̀rọ̀ inú fáìlì sínú ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ara ìtúpalẹ̀ lítíréṣọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo fáwẹ̀lì ẹ́. Nínú ìlànà Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹnì kan lè fi àmì ohùn òkè lé ẹ. Ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí é. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí méjì. Bí a bá sì tìtorí èyí yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọ̀kan náà. Lámèyítọ́ tí ó bá gbé àlàyé lórí ìṣọwọ́lò-èdè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni ó ń tú palẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlànà kan, irú èyí tí a mọ̀ sí NFC, kí a sì fi wọ́n wé ìwé tí a tẹ̀, kí a tó ka ohunkóhun.