Ẹnu Tí Ó Bá Akọni Wí: Ògún, Dáfídì àti Achilles

Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ fi akọni wé akọni sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ṣẹ̀: ta ni ó pa ènìyàn jù, ta ni ó rú òfin jù? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í gbé ni jìnnà. Bí a bá gbé Ògún ti Ìrè-Èkìtì, Dáfídì ọba Ísírẹ́lì àti Achilles inú Iliad ti Homer sórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu tí ó bá wọn wí, àti ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 11, Dáfídì gba Bátíṣébà, aya Ùráyà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun. Nígbà tí obìnrin náà lóyún, tí ọgbọ́n láti fi oyún náà lé Ùráyà lọ́rùn sì kùnà, ọba kọ̀wé sí Jóábù pé kí ó fi ọkùnrin náà síbi tí ogun ti gbóná jù. Ùráyà fúnra rẹ̀ ni ó mú ìwé ikú rẹ̀ lọ. Ní orí 12, wòlíì Nátánì pìtàn olówó kan tí ó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Ọba bínú, ó dájọ́ ikú fún olówó náà, kí Nátánì tó fi hàn án pé òun gan-an ni. Yorùbá ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Òwe ni Nátánì fi wá ẹ̀rí-ọkàn ọba rí. Dáfídì jẹ́wọ́. Síbẹ̀ ó wà lórí ìtẹ́. Ọmọ tí Bátíṣébà bí ni ó kú.

Achilles náà gbọ́ ìtàn. Nígbà tí Agamemnon gba Briseis lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìbínú kọ ogun sílẹ̀, àwọn ará rẹ̀ sì ń kú. Ní ìwé kẹsàn-án, Phoenix, àgbà tí ó tọ́ ọ dàgbà, pìtàn Meleager fún un, akọni tí ó jókòó ti ìbínú títí ọ̀tá fi ń ti iná bọ ìlú rẹ̀. Achilles kò gbà. Ní ìwé kẹrìndínlógún, Patroclus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, wọ ìhámọ́ra rẹ̀ lọ sójú ogun, kò sì padà.

Ti Ògún le jù, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fọhùn. Nínú ìtàn tí a mọ̀ jù, ó ti ogun dé sí Ìrè ní ọjọ́ àpéjọ tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ èèwọ̀. Wọn kò kí i. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó ka ìdákẹ́ wọn sí àfojúdi, ó sì fa idà yọ. Ìgbà tí a fi ṣàlàyé fún un, ẹ̀pà kò bóró mọ́. Kò sí Nátánì tí ó pa òwe fún un. Òun ni ó dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, ó fi idà gún ilẹ̀, ó sì wọlẹ̀. Ìdájọ́ yìí wúwo ju ti Dáfídì lọ, nítorí akọni fúnra rẹ̀ ni ó san án.

Ìrántí náà ní ẹnu tirẹ̀. Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí 20, ròyìn ogun Rábà, ṣùgbọ́n ó fo Bátíṣébà àti Ùráyà. Bákan náà ni àwọn olùsìn Ṣàngó tẹnu mọ́ ọn pé ọba kò so, gbólóhùn tí Dúró Ládípọ̀ fi ṣe àkọlé eré rẹ̀ ní 1963. Oríkì Ògún kò bo nǹkan kan: ó ń ki apànìyàn àti olùrànlọ́wọ́ lẹ́nu kan náà.

Ní Calgary, ọmọ Yorùbá lè gbọ́ ti Dáfídì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì ka ti Achilles ní yunifásítì. Ilé àti kíláàsì èdè ni ó kù fún ti Ògún. Bí a bá sọ ọ́ fún un ní òrìṣà irin lásán, tàbí ní apànìyàn lásán, ẹ̀kọ́ Ìrè yóò bọ́ sọnù: ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi dákẹ́.