Ọmọ Ayò Kọkàndínláàádọ́ta: Èrò Mi lórí Géèmù

Bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá sọ pé òun fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ewì tàbí eré oníṣe, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ni òun fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn ènìyàn a máa wò ó bí àgbàlagbà tí ń bá ọmọdé du ẹ̀wà. Ojú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fi wò mí nìyẹn. Síbẹ̀, eré náà ni ayò ọlọ́pọ́n, àwọn onímọ̀ sì ti kọ̀wé lé e lórí. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ayé rẹ̀ ṣe tó ohun tí a ń wò ní àwòfín. Èmi pẹ̀lú ti ta géèmù. Mo ti borí, mo sì ti fi ìbínú sọ páàdì sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo fẹ́ sọ.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, kí fóònù tó di ohun tí ọmọdé ń kó sápò, ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ nínú ìran tiwa ní Múṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè ti kọ́kọ́ fojú kan eré yìí. Yàrá kan ṣoṣo ni, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì gígùn kan, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, àti ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù tí ń ṣọ́ aago. Ẹni tí ó bá pàdánù á dìde, ẹni tí ó bá borí á jókòó. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àwọn òǹwòran. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nídìí ayò, àwọn tí kò di páàdì mú ni ẹnu wọn máa ń mú jù. Wọn a pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ní ọ̀gá, wọn a sì fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi yóò fi lé ròrò sí i lójú. Bí ènìyàn bá gbọ́ ariwo wọn láti ìta láì rí ohun tí wọ́n ń wò, yóò rò pé abẹ́ igi ọ̀dán ni òun wà.

Níbẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn géèmù títí di òní. Ayò ni òṣùwọ̀n náà. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Kò sí èyí tí ó pamọ́. Ohun tí ọ̀ta rí ni òpè rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀ta ti fojú ka ọmọ tirẹ̀ àti ti ẹnìkejì, ó sì ti mọ ibi tí yóò já sí kí ó tó na ọwọ́. Nítorí náà, bí òpè bá pàdánù, kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo ka èyí sí ọlá tí eré ń bù fún ẹni tí ó pàdánù. Géèmù tí ó bá bu irú ọlá yìí fúnni, ó le ni o, ó rọrùn ni o, géèmù rere ni. Èyí tí kò bá bù ú fúnni, bí àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ lẹ́wà bí ọ̀kín, ìyànjẹ ni.

Àpẹẹrẹ èyí tí ó le tí kò sì yan ènìyàn jẹ ni Contra, tí ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1987, tí ẹ̀dà ti inú ilé sì tẹ̀lé e ní 1988. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni wọ́n fún jagunjagun, ọta ìbọn kan ṣoṣo sì tó láti gba ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta á, n kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbọn ara ògiri wà lónìí ni yóò wà lọ́la. Ìrántí ni ohun ìjà ibẹ̀. Ó tún ní àṣírí kan: bí a bá tẹ páàdì sókè lẹ́ẹ̀mejì, sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, kí a tó tẹ B àti A, ẹ̀mí mẹ́ta á di ọgbọ̀n. Láti ẹnu dé ẹnu ni àṣírí yìí rìn láàárín wa, bí ọfọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi ẹyọ kan nínú rẹ̀, kò ní jẹ́.

Mo fẹ́ràn Tetris pẹ̀lú, èyí tí Alexey Pajitnov ṣẹ̀dá ní ìlú Moscow ní 1984. Nínú ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní bíríkì géèmù, tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́, ó bá wa wọ mólúè. Bí ó ti wù kí ọwọ́ ẹni yá tó, bíríkì yóò kún dókè nígbẹ̀yìn. Àwọn kan ní ìyànjẹ nìyẹn. Èmi kò gbà. Kò ṣèlérí ìṣẹ́gun fún ẹnikẹ́ni; bí a ó ti pẹ́ tó kí a tó ṣubú ni ó ń bi wá.

Èyí tí ó bí mi nínú jù lọ láyé ìgbà náà ni Ghosts ’n Goblins, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Capcom ní 1985. Akọni kan tí ó gbé aṣọ irin wọ̀ ń lọ gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn iwin. Bí nǹkan bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, aṣọ irin á bọ́. Bí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀kejì, egungun lásán ni yóò kù. Ìyẹn kò burú. Ohun tí ó burú ni pé nígbà tí a bá jà títí, tí a borí, tí àtàǹpàkò ti fẹ́ẹ̀ bó, wọn á kọ ọ́ síwájú wa pé ẹ̀tàn ni gbogbo ohun tí a ti rí, kí a padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni ìṣẹ́gun tó di òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Àkàrà-oògùn náà wọ igbó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò padà wọ ọ́ bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Nígbà méjì àkọ́kọ́, òun nìkan ni. Nígbà kẹta, ọba ni ó rán an, àwọn akọni bí Kàkó àti Ìmọ̀dòye sì bá a rìn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìdí ìrìn yí padà, ẹgbẹ́ ìrìn yí padà, arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀ sì yí padà. Àwítúnwí tí ń fi nǹkan kún nǹkan nìyẹn, irú èyí tí a ń bá pàdé nínú oríkì. Capcom mú àwítúnwí, ó yọ ìtumọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó fi ìyà kún un. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo sọ èyí fún dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀yin náà, sà, bí ó bá rọrùn, kí ni a ó fi yangàn?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn. Àmọ́ owó ni a ń san nílé géèmù kí a tó lè tún nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń sọ fún mi pé kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ iye tí ó wà lápò mi.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ní bá Super Mario Bros. tí Nintendo gbé jáde ní 1985, tí Shigeru Miyamoto jẹ́ ọ̀gá ayàwòrán rẹ̀. Ní ti adùn, n kò rí àfiwé rẹ̀: bí a bá ti sáré tó ni a ó fò tó, ara ẹni tí ń ta á pàápàá á máa fò lórí bẹ́ǹṣì. Ayé mẹ́jọ ni ó ní, ṣùgbọ́n kò ní ìrántí. Ọmọ tí ó ti dé ayé keje, bí iná bá lọ, ayé kìíní ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀, ẹkún ti sọ. N kò lè pe èyí ní ìyànjẹ, nítorí kì í ṣe àwa ni ẹni tí ó ṣe é ń rò. Nígbà tí The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà ní 1987, bátìrì kékeré kan ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ń tọ́jú ibi tí a bá a dé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé gbogbo géèmù ni ó ní ìlú kan lọ́kàn. Ìlú tí Mario ní lọ́kàn, iná kì í lọ níbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, eré bọ́ọ̀lù gba ilé géèmù. Nínú Winning Eleven ti Konami, èyí tí a wá mọ̀ sí Pro Evolution Soccer, ilé-iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀tọ́ láti lo ọ̀pọ̀ orúkọ. Roberto Carlos di Roberto Larcos. Liverpool di Merseyside Red. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn wà. Ọmọ Múṣin á wo agbára ẹsẹ̀ òsì yẹn, á sì dárúkọ ẹni náà láì wo ohun tí wọ́n kọ sókè orí rẹ̀. Ìṣe ni a fi dá a mọ̀. Iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Orúkọ pé ní ti FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ Electronic Arts, ṣùgbọ́n láti 2009 ni wọ́n ti mú Ultimate Team wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn lè fi owó gidi ra àpò tí kò mọ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀. Ó lè bá ọ̀gbóǹtarìgì níbẹ̀, ó sì lè bá aláìmọ̀ọ́gbá. Ní 2018, ìjọba ilẹ̀ Belgium pe irú títà bẹ́ẹ̀ ní tẹ́tẹ́. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà ṣíwọ́ títa owó géèmù yìí ní ilẹ̀ náà. Ní 2023 wọ́n pa orúkọ dà sí EA Sports FC, àmọ́ àpò kò kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àwa náà ta á sówó ní Múṣin. Bẹ́ẹ̀ ni, a ta á, n kò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọpọ́n ni owó wa wà. Ọmọ mẹ́kánííkì àti ọmọ oníléeṣẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n di irú páàdì kan náà mú, ọwọ́ tí ó yá jù sì ni ó ń borí. Nísinsìnyí, owó ti wọ inú ọpọ́n. Ọmọ ayò jẹ́ 48. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ọlọ́rọ̀ tí ó lè ra ìkọkàndínláàádọ́ta. Géèmù yìí ń tà á. Ọmọ tí ó pàdánù kò wá mọ̀ mọ́ bóyá ọgbọ́n ni kò tó ni tàbí owó. Ẹni tí kò mọ ìdí tí òun fi ṣubú, báwo ni yóò ṣe kọ́ bí a ti ń dìde?

Inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa ti ń ṣe géèmù tiwọn. Ilé-iṣẹ́ Maliyo tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012 ni ó ṣe Disney Iwájú: Rising Chef, eré ìdáná oúnjẹ ilẹ̀ wa tí ó jáde ní 2024. Mo rí Èkó níbẹ̀, orí mi sì wú. Àmọ́ kíkánjú fún oníbàárà kí àkókò tó tán kì í ṣe òfin tuntun. Aṣọ ni ó jẹ́ tiwa, egungun ibẹ̀ jẹ́ ti ayálégbé. Ohun tí mo ń retí ni ọjọ́ tí wọn yóò bá wa kọ́ òfin eré láti inú ohun tí ayò mọ̀: kí gbogbo ọmọ wà lójú ọpọ́n, kí iye wọn pé, kí ẹni tí ó bá pàdánù lè fọwọ́ sí i pé òun ni òun ṣì í.