Ṣíṣáájú Yàtọ̀ sí Jíjẹ́ Aṣáájú: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìtàn Awakùsà Enugu

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní àfonífojì Iva nílùú Enugu. Awakùsà 21 ni ó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Nàìjíríà gba òmìnira. Bí a bá ń so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ bíi 'precursor', 'forerunner' tàbí 'harbinger' kì í pẹ́ jẹyọ. Ẹni tí a bá sì ní kí ó tú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tètè bà: aṣáájú. Yóò ní ìṣẹ̀lẹ̀ Iva ni aṣáájú òmìnira. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́ létí. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ó sọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ ṣíṣáájú pọ̀, wọ́n sì jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. 'Precede' wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí kí a lọ ṣáájú. Ètò nìkan ni ó ń sọ. Ọjọ́ Ajé a máa ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé ọjọ́ Ajé ni ó bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. 'Predecessor' ní tirẹ̀ ní ìjáde nínú: ẹni tí ó ti kúrò lórí àga kí ẹlòmíràn tó gùn ún ni. Nítorí náà ni a fi ń lò ó fún ọba, fún gómìnà àti fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. 'Ancestor' bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti kọjá lọ ṣáájú, kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìran. 'Precursor' àti 'forerunner' jọ jẹ́ asáré-ṣáájú. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àyálò láti inú èdè Látìn, èkejì sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

'Harbinger' ni ìtàn rẹ̀ dùn jù. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ẹni tí ń pèsè ilé fún àlejò. Nígbà tí ó yá, ó di orúkọ ẹni tí a rán ṣáájú ọmọ ogun tàbí ọba láti lọ wá ibi tí wọn yóò sùn sí. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé ọba ti wà lọ́nà. Etí Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí, nítorí kí ojú tó tó Aláàfin ni etí ti ń gbọ́ kàkàkí. Kókó ibẹ̀ ni pé a rán ẹni náà, ó sì mọ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

'Antecedent' tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú gírámà, òun ni ọ̀rọ̀ tí arọ́pò-orúkọ ń tọ́ka sí. Nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà bá sì ń béèrè 'antecedents' ẹni tí ń du ipò, ìwà àtẹ̀yìnwá rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí Látìn gbé sí iwájú ni Yorùbá gbé sí ẹ̀yìn yìí. Kì í ṣe àṣìṣe. Ojú hàn nínú ṣáájú àti ṣíwájú, síbẹ̀ ọjọ́ iwájú ni ọjọ́ tí kò tíì dé, ẹ̀yìn ọ̀la náà kò sì tíì dé. Bí àwọn ènìyàn bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó wà níwájú ni yóò kọ́kọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ó wà níwájú ni a kò tíì rìn. Ibi tí a dúró sí ni ó ń pinnu ìtumọ̀.

Ìṣòro aṣáájú ni pé ó ti kúrò ní ipò ẹni tí ó kàn lọ ṣáájú. Olórí ni. Aṣíwájú pàápàá jẹ́ oyè ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn olóṣèlú sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tí ó bá pe ìṣẹ̀lẹ̀ Iva ní aṣáájú òmìnira ti sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ó fa òmìnira lọ́wọ́ wọlé. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń tú kò tilẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìtàn wí? Owó iṣẹ́ tí a jẹ wọ́n àti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn awakùsà ń béèrè. Wọ́n ń fi ìlọ́ra ṣiṣẹ́, a sì lé àwọn kan lára wọn. Ìjọba bẹ̀rù pé ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì rán ọlọ́pàá lọ kó o. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá F. S. Philip ti pàṣẹ ìbọn. Òmìnira kò sí lára ohun tí àwọn tí ó kú ń béèrè. Ìwé tí Carolyn Brown kọ nípa wọn, tí ó jáde ní 2003, wo ọ̀rọ̀ náà láti inú ìgbésí ayé àti iṣẹ́ awakùsà fúnra wọn, èyí sì sàn ju kí a máa wò wọ́n láti ọdún 1960 wá sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìbọn ni àwọn olóṣèlú gbé e. Dókítà Akínọlá Májà ṣe olórí ìgbìmọ̀ pàjáwìrì tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń bára wọn jà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí lábẹ́ Sir William Fitzgerald. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tí ó di Adájọ́ Àgbà ní 1958, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Gómìnà Macpherson ti bẹ̀rẹ̀ àtúnyẹ̀wò òfin ìpìlẹ̀ kí ìbọn tó dún, èyí tí ó yọrí sí àpérò Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 1950. Ogun àwọn obìnrin ti 1929 ṣáájú Iva. Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò ti 1945 náà ṣáájú rẹ̀. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àmọ́ kò sí ẹni tí ó gbà pé àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè wí pé aṣáájú ni ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ń pe Jòhánù Onítẹ̀bọmi, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jòhánù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun. A rán an. Àwọn awakùsà kò jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn lè wí pé èdè tí kò bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan yóò dàbí aláìní. Lóòótọ́, iṣẹ́ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò púpọ̀ fún kíláàsì, nítorí gírámà kò lè ṣe láìsí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó dúró sójú kan. Gbólóhùn ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni agbára Yorùbá níbí: ó ṣáájú, ó la ọ̀nà fún un, ó fà á, ó bí i, òun ni a fi mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bí ó bá sì di dandan kí a wá ọ̀rọ̀-orúkọ fún 'precursor', àkọ́rọ̀ òjò sún mọ́ ọn ju aṣáájú lọ, nítorí àkọ́rọ̀ kì í ṣe olórí òjò tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ti Enugu, gbólóhùn tí ògbufọ̀ ìbá kọ nìyí: ìbọn Iva ṣáájú òmìnira ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, àwọn olóṣèlú fi í la ọ̀nà, owó iṣẹ́ wọn ni àwọn tí ó kú ń béèrè. Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.