Elégbè Inú Àlọ́: Láti Ìdí Ìrókò dé Hyattsville

Ní 1696 ni wọ́n dá Prince George's County sílẹ̀ ní Maryland, wọ́n sì fi orúkọ George, ọmọ ọba Denmark, sọ ọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1697, ni Charles Perrault tẹ ìwé àlọ́ rẹ̀ jáde ní Paris, ìwé tí Cinderella wà nínú rẹ̀. Bí Perrault bá ti parí àlọ́ kan, yóò kọ ewì kúkúrú sí ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí òǹkàwé rí kọ́. Ohun tí àwa náà ń ṣe báyìí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ fídíò àlọ́ Ìjàpá tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun: àlọ́ kò tíì tán tí a ti ń kéde ohun tó kọ́ wa. Èrò tèmi ni pé kí àlọ́ tó dé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ lára ìwà ọmọ, ẹnu elégbè ló sì ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo àlọ́ méjì lórí ìlérí. Jacob àti Wilhelm Grimm tẹ apá kìn-ín-ní àkójọ àlọ́ wọn jáde ní Jámánì ní 1812, àlọ́ Ọba Àkèré ni wọ́n sì fi ṣíde. Bọ́ọ̀lù wúrà ọmọbìnrin ọba jábọ́ sínú kànga. Àkèré ní òun yóò bá a mú un jáde, bí ó bá gbà kí àwọn jọ máa jẹun nínú àwo kan náà, kí àwọn sì jọ sùn. Ọmọ náà gbà. Bí bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sá lọ. Baba rẹ̀ ló fi dandan lé e pé ẹni tó bá ṣèlérí gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé yàrá, inú bí ọmọbìnrin náà, ó gbé àkèré, ó là á mọ́ ògiri. Ojú ẹsẹ̀ ni àkèré di ọmọkùnrin arẹwà, wọ́n sì fẹ́ra. Kò sí ìfẹnukonu kankan nínú ìwé Grimm. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọba ni pé kí a pa ìlérí mọ́. Ẹni tó da ìlérí ni àlọ́ wá fi ọkọ jíǹkí. Ká ní inú agbo ni wọ́n ti pa á, n kò rò pé ẹgbẹ́ ọmọdé kan wà tí yóò jẹ́ kí apàlọ́ kọjá ibẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè.

Àlọ́ kejì ni ti Olúrónbí. Àwọn obìnrin lọ bẹ Ìrókò, oníkálukú jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tó lágbára rẹ̀, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn. Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ. Orin inú àlọ́ yìí, tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, ẹ̀jẹ́ yẹn gan-an ló ń kà lákàtúnkà, ti àwọn yòókù àti ti Olúrónbí. Ọmọ tó ń dá ègbè ti fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀jẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí Ìrókò tó dìde béèrè ohun tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà mọ́; ó ti bá Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò sí ewì ìparí tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìparí àlọ́ náà kò sì dúró sójú kan. Àwọn kan ní Ìrókò gba ọmọ náà. Nínú Yoruba Legends, ìwé tí M. I. Ogumefu tẹ̀ jáde ní 1929, ẹyẹ ni Olúrónbí dà, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà sì gbẹ́ ère ọmọ kan fún Ìrókò láti fi gbà á sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí agbo ń ṣe. Nínú àtẹ̀jáde 1812, ìyá tó bí Snow White gan-an ló fẹ́ pa á. Nígbà tó fi máa di àtẹ̀jáde 1819, Wilhelm ti sọ ìyá náà di ìyàwó baba. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá inú Hansel àti Gretel nígbà tó yá. Ó fẹ́ dáàbò bo orúkọ ìyá, ló bá di gbogbo ẹ̀bi ru ìyàwó tí baba fẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì ti ru ú káàkiri ayé láti ìgbà náà. Àlọ́ orogún wa náà le púpọ̀, mi ò ní parọ́. Ìyáálé a máa rán ọmọ olóògbé lọ sódò tó léwu kó má baà bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń pa á, ìyáálé wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ orogún jọ jókòó lórí ẹní kan, wọ́n jọ ń gbe orin. Apàlọ́ gbọ́dọ̀ wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè bá wí jókòó sítòsí. Ta ló jókòó ti Wilhelm Grimm nídìí tábìlì ìkọ̀wé?

Àwọn àlọ́ wa dé Amẹ́ríkà kí àwa tó dé. A. B. Ellis kọ ọ́ ní 1895 pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun àwọn ìtàn ehoro ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ń pè ní Uncle Remus. Ẹ tún wo The Talking Eggs, ìwé ọmọdé tí Robert San Souci kọ tí Jerry Pinkney sì yàwòrán sí ní 1989. Àlọ́ Louisiana ni: ìyá arúgbó kan ní kí ọmọ rere mú ẹyin tó bá ní kí wọ́n mú òun, kó fi èyí tó ń ké pé kí wọ́n má mú òun sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tó jẹ́ pé igbá ló ń ké, yóò mọ̀ pé àjèjì kọ́.

Nínú Prince George's County tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Hyattsville, ni Jim Henson tó ń fi ọmọlangidi ṣeré dàgbà sí. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ló gbé baba rẹ̀ wá láti Mississippi. Henson jáde ní Northwestern High School ní 1954, ó sì gboyè ní University of Maryland ní College Park ní 1960. Ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní 1955 nígbà tó fi ògbólógbòó kóòtù ìyá rẹ̀ ṣe ọmọlangidi tó di Kermit. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí aláwàdà. Lójú tèmi, apàlọ́ ni.

Nínú The Frog Prince tó ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1971, Kermit ló ń sọ ìtàn, àwọn àkèré odò sì ń gbe orin. Àjẹ́ ti sọ Robin di àkèré, kò sì sẹ́ni tó gbà pé ọmọ ọba ni. Àjẹ́ kan náà ti yí ahọ́n ọmọbìnrin ọba po, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dojú rú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ yé. Henson yọ ògiri kúrò pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìlérí wọ ẹ̀yìn, ó wá ku ẹni méjì tí ayé kò gbọ́ èdè wọn, tí ọ̀kan ní láti fetí sí èkejì kó tó lè là. Ọmọ tí wọ́n ń fi bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù ni The Storyteller, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Lisa, ọmọ Henson tó kọ́ ẹ̀kọ́ àlọ́ àti ìtàn ìwásẹ̀ ní Harvard, ló mú èrò rẹ̀ wá. John Hurt jókòó ti iná, ó ń sọ ìtàn. Ajá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọlangidi tí ohùn Brian Henson ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ajá náà ń já lu ìtàn. Ó ń ṣiyèméjì, ó ń bẹ̀rù, ó ń béèrè ohun tó kàn. Elégbè ni. Nínú ìtàn Hans My Hedgehog, ọmọbìnrin ọba kò lè pa àṣírí ọkọ rẹ̀ mọ́ bó ṣe ṣèlérí, ó sì ní láti wá a kiri títí bàtà irin mẹ́ta fi jẹ tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí Henson ṣe dá elégbè padà síbẹ̀ ni ìlérí tún padà ní iye tí wọ́n ń san.

Síbẹ̀, ajá náà ní ààlà. Ohun tí wọ́n kọ fún un nìkan ló lè béèrè. Kò lè kọ̀ fún apàlọ́, kò lè mú ìparí mìíràn wá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń wò ó nílé kò lè ti ọ̀rọ̀ bọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé fídíò tó dára jù yóò dí àyè elégbè fún àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Bowie tàbí Lanham. Bí ìyá àgbà bá ti ilé wá bá wọn tọ́jú ọmọ, apàlọ́ ti dé nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, kó máa bá àlọ́ lọ. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kó pa ti Àkèré àti ti Olúrónbí ní alẹ́ kan náà, kí àwọn ọmọ dá ẹjọ́ ìlérí méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kí Ìrókò gba ewúrẹ́ kó fi ọmọ sílẹ̀, kí apàlọ́ má tètè bá wọn jiyàn: ọkọ Olúrónbí náà kò kúkú gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà.