Míkrò inú ikùn gìtá: ohùn Tommy Emmanuel

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gìtá Tommy Emmanuel, ọmọ Ọsirélíà, kì í ṣe yíyára ìka. Bí igi ṣe ń fọhùn ni. Bó bá ń ta «Mombasa» lójú agbo, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara gìtá, a sì ń gbọ́ igi náà. Gìtá Maton rẹ̀ ní etí méjì: ọ̀kan wà lábẹ́ ibi tí okùn gùn lé, èkejì jẹ́ míkrò kékeré nínú ikùn gìtá, lórí ọrùn tó ṣeé tẹ̀.

Àwọn kan ní míkrò yìí nìkan ló ń sọ òtítọ́. N kò gbà. Afẹ́fẹ́ inú ikùn gìtá a máa dún kíkankíkan ní nǹkan bí 100 Hz. Míkrò inú nìkan á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Bí a bá gbé ohùn rẹ̀ sókè jù, ẹ̀rọ á han gooro. Bó bá sì sún mọ́ ibi tí ọwọ́ ń bà jù, ìlù á bo orin mọ́lẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fara wé Emmanuel ti ń ṣìnà. Ta ló tilẹ̀ ń ki etí bọ inú gìtá kó tó gbọ́ ọ? Okùn ni kó máa dá orin. Kí míkrò, tí a ti dín ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù, máa gbè é. Nígbà tí Emmanuel bá fi búrọ́ọ̀ṣì fá ojú igi, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbọ́ ọ, orin kò sì já.