Ohùn Wo ni Ìyanu Yóò Fi Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá wí pé ọ̀rọ̀ ìwé ọmọdé ni mo gbé wá. Ìwé náà ni Iyanu: Child of Wonder, ìwé aláwòrán tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ọmọbìnrin aláìlóbìí ni Ìyanu. Ẹ̀yìn odi ìlú ni ó ń gbé pẹ̀lú obìnrin tí ó tọ́ ọ, kò sì mọ̀ pé agbára ńlá ń bẹ lára òun títí ọjọ́ fi pé. Mo ti ka ìwé yìí débi pé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìtàn náà hàn ní kàtúùnù lórí Cartoon Network. Ní ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé fíìmù gígùn méjì yóò tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fojú sọ́nà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Àwòrán inú ìwé kì í fọhùn. Òǹkàwé ni ó ń fi ohùn sí i lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ni Okupe fi kọ ìwé rẹ̀, kò sì sí àmì lórí àwọn orúkọ. Obìnrin tí ó tọ́ Ìyanu ń jẹ́ Olori: ṣé olorì ààfin ni, àbí olórí ìlú? Elu ni wọ́n pe ìlú wọn. Èmi tí a bí ní Kemta, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń rẹ aṣọ láró, èlú ni mo kà á sí lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ti rí odi ìlú náà, òórùn ìkòkò aró ni ó ń wá sí mi nímú. Bóyá òǹkọ̀wé kò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Kò burú: ìwé gbà mí láyè láti ṣìnà lọ́nà tèmi. Fíìmù kì í gbani láyè bẹ́ẹ̀. Bí òṣèré bá ti pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Èyí tí mo wò lórí tẹlifíṣọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ohùn sí i jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, aṣọ àti ilé inú rẹ̀ sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi Ìyanu ṣeré ní àgbàlá wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Bí ìjà bá dé, wọn a padà sí Yorùbá.

Mo máa ń ka ìwé náà sókè fún màmá wa àgbà, mo sì ń yí i sí Yorùbá bí mo ti ń kà á. Ní ọjọ́ kan wọ́n dá mi dúró: “Àkànní, kí ni oríkì ọmọ náà?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹnìkan yóò wí pé owó ni, pé ta ni yóò wo fíìmù Yorùbá ní òkè òkun. Ṣé a ti gbàgbé Lisabi: The Uprising ni, fíìmù Lateef Adedimeji lórí akọni Ẹ̀gbá, tí Netflix fi hàn ní 2024? Yorùbá ni wọ́n sọ níbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn Māori ní New Zealand gba Moana ti Disney, wọ́n sì fi èdè tiwọn sí i ní 2017. Fágúnwà pàápàá, Yorùbá ni ó fi kọ Ògbójú Ọdẹ ní 1938. Ó di 1968 kí Ṣóyínká tó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́òkúta yìí kan náà sì ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ní èdè wa. N kò sọ pé kí Okupe má fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí ó ṣe ti Yorùbá pẹ̀lú, kí ó pe àwọn tí ó mọ èdè náà dunjú, kí wọ́n fi àmì sórí Olori àti Elu, kódà bí èyí yóò bá tiẹ̀ gba òórùn aró kúrò nímú mi.

Bí ó bá ṣe é, màmá wa àgbà ni n óò kọ́kọ́ mú jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n lè bi Ìyanu fúnra rẹ̀ ní oríkì.